Ẹnìkan Ní Láti Kọ́kọ́ Yà

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, létí òkun Aberystwyth,
èmi àti bàbá arúgbó kan tó ń fa ajá pàdé.
Mo yà sápá òkun kó lè kọjá,
òun náà yà sápá òkun kí n lè kọjá.
Mo yà sápá ilé. Ó yà sápá ilé.
Ajá jókòó, ó ń wò wá bí ẹni ń wo ọmọdé.
Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi bù máṣọ:
àìsàn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà mi gan-an nìyí.

Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń sin ẹyẹ nínú ẹ̀rọ.
Mo pín pápá sí ojúlé-ojúlé bí ìwé ìṣirò,
ẹyẹ kan, ojúlé kan.
Òfin wọn ò ju ẹyọ kan lọ:
wo aládùúgbò rẹ, kọjú síbi tó kọjú sí.
Aago kan ṣoṣo ni mo gbé kọ́ fún gbogbo wọn.
Kì! Ẹni tó kọjú síhìn-ín yí sọ́hùn-ún,
ẹni tó kọjú sọ́hùn-ún yí síhìn-ín.
Kì! Wọ́n tún pààrọ̀. Kì!
Ìgbọràn pọ̀, ìrìn ò sí.
Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni;
wọn ò sọ ọwọ́ tó kọ́kọ́ gbéra fún wa.

Nírọ̀lẹ́, Gwenllian fà mí lọ
sí ẹ̀gbẹ́ afárá tó wọnú òkun tí kò dé òdìkejì.
Àwọn ẹyẹ dúdú ń bọ̀ wá sùn,
àyà wọn bí aṣọ òfì tí wọ́n bu iyọ̀ sí.
Ó ní, "Ta ló ń lu aago fún wọn?"
Mo wòkè títí ọrùn fi dùn mí.
Ọ̀kan tẹ̀ díẹ̀. Èkejì rí i, ó pẹ́ kó tó tẹ̀.
Ẹ̀kẹta ò tíì gbọ́ rárá.
Nínú pípẹ́ kékeré yẹn ni agbo ti ń yí,
ó fẹ̀, ó sún kì,
èéfín tó mọ ọ̀nà ilé.

Lóru, mo yọ aago kúrò.
Mo ní kí ẹ̀rọ máa ṣẹ́ kèké:
ẹyẹ tí kèké bá mú, kó wò, kó yí,
kí ìyókù ṣe sùúrù.
Igun kan mì. Tíì mi tutù sínú ife.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gbéra,
wọ́n ń lọ síbi tí n ò rán wọn.

Ní àárọ̀ Ẹtì, bàbá àti ajá tún yọ.
Mo dúró jẹ́ẹ́ kó lè kọjá.
Òun náà dúró jẹ́ẹ́.
Ajá ló kọ́kọ́ yà.