Ẹyọ Kan Tó Dín

Ní Vermont, bí yìnyín bá ti yọ́ tán lóṣù Kẹrin,
ilẹ̀ a rọ̀ bí búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì.
Ìgbà náà ni mo máa ń kan ilẹ̀kùn àwọn ilé àtijọ́,
fìlà lọ́wọ́, ẹ̀rọ awárin léjìká,
mo ń tọrọ àyè bí ọmọ tó ń tọrọ ẹran.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi pín lẹ́tà lágbègbè yìí.
Mo mọ ajá wọn. Mo mọ ẹni tí báńkì ń kọ̀wé sí.
Ní báyìí, inú ilẹ̀ ni mo ti ń gba iṣẹ́ tí wọ́n rán:
lábẹ́ okùn ìsáṣọ, níbi tí àpò ṣòkòtò ti ń da owó sílẹ̀,
lẹ́bàá kànga, lẹ́nu àtẹ̀gùn olókùúta,
níbikíbi tí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ rí,
tí kò mọ̀ pé nǹkan já bọ́.

Ilé Verna Colby ti lé ní igba ọdún.
Owó bàbà ńlá ayé ọjọ́un ni mò ń fojú inú wò,
èyí tó fẹ̀ bí ìdérí ìgò, tí orí obìnrin wà lára rẹ̀.
Ìyá náà jókòó sẹ́yìnkùlé, kúbùsù lórí orúnkún,
ó ń wò mí bí ẹni ń wo dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn.
"Kí ló wí?"
"Ìṣó ni, Mà."
"Èyí ńkọ́?"
"Ìṣó náà ni."
Ìṣó mẹ́tàdínlógún. Ìrù ṣíbí. Irin ẹsẹ̀ ẹṣin tó dá sí méjì.
Bọ́tìnì kan tó mú ọkàn mi fò,
kí n tó nù ún, tó di bọ́tìnì kóòtù lásán.

Lábẹ́ igi ápù tó ti wọ́, ẹ̀rọ ké.
Igbe ìṣó máa ń há lọ́fun.
Èyí dán. Ó ga. Ó dúró.
Mo gé koríko bí ẹni ń gé kéèkì, mo ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
mo walẹ̀ títí ṣọ́bìrì fi kan agolo tábà
tí ìpẹtà ti jẹ ìdérí rẹ̀ bí asẹ́.

Owó fàdákà wẹ́wẹ́ ni. 1943. 1944. 1945.
Kí n má purọ́, ó rẹ̀ mí wẹ̀sì:
ìyá tó jókòó yìí ju gbogbo wọn lọ lọ́jọ́ orí.
Mo dà wọ́n sí i látẹ́lẹwọ́. Ó kà wọ́n.
Ó tún wọn kà.
"Mọ́kànlá," ó ní. "Méjìlá ni ti Merritt."

Merritt ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò gbowó.
Merritt tó sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, tó sọ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó,
tó sọ ọ́ létí ibojì ìyá wọn: Verna ló jí agolo mi.
Ohio ló kú sí.
Èmi ni mo pín lẹ́tà. Mo mọ̀ pé kò sí èyí tó ti Ohio wá.

"Ẹyọ kan ni mo mú," ìyá náà wí.
"Ẹyọ kan péré. Mo fi ra súìtì.
Ó rí i pé ó dín, ó gbé agolo kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
ó rì í mọ́lẹ̀, ó fòkúta ṣàmì, yìnyín bo òkúta.
Nígbà tí yìnyín yọ́, kò mọ ibẹ̀ mọ́.
Mo fẹ́ búra. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lanu!
Ẹyọ kan yẹn ló ń há mi lọ́fun."

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.
Ọjọ́ olóhun dé lónìí,
olóhun ò sí nílé.

Mo tọwọ́ bàpò, mo fún un ní ẹyọ kan, ti òde òní.
Ó yí i wò, ó dá a padà.
"Èyí kì í ṣe tirẹ̀."

Mo di ihò náà. Mo fẹsẹ̀ tẹ koríko mọ́lẹ̀.
Ẹ̀rọ mi fara ti àga rẹ̀, n kò rántí pa á,
agbọ́hùn sì wà létí mi síbẹ̀:
nígbàkígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n lórí kúbùsù,
fàdákà a ké,
èmi nìkan ni mo ń gbọ́.