A Kàn Wá Ni

A kúrò ní Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé,
a ò lọ síbi òkú, a ò lọ síbi ìkómọ.
Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí Oyètádé ti gbé mi níyàwó,
ìgbà àkọ́kọ́ rèé
tí kò sí aṣọ òde nínú búùtù ọkọ̀ wa.
Ṣòkòtò méjì, ìró méjì, rédíò kan,
àti fúláàsìkì tíì tó ń jò díẹ̀díẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀.

Mo bi í ní Fìdítì pé, "Níbo la ó sùn?"
Ó dá mi lóhùn ní Ọ̀yọ́ pé, "Ibi tó bá wù wá."
Bí ìdáhùn rẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn,
ìlú kan ló máa ń gbà á.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, a kọ́kọ́ wo òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́ta kan
létí ọ̀nà márosẹ̀.
Yàrá tutù bí inú fìríìjì,
wọ́n ká táwẹ́ẹ̀lì sórí bẹ́ẹ̀dì bíi pẹ́pẹ́yẹ.
Ọmọbìnrin tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ní,
"Ṣé ẹ máa sùn mọ́jú ni, àbí wákàtí méjì?"
Oyètádé wo ewú orí mi, ó wo tirẹ̀ nínú dígí,
ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́.
Tírélà kan kọjá, ife omi jó lórí tábìlì.
Mo ní a dúpẹ́, a ń bọ̀.
Ta ni kò mọ ohun tí "a ń bọ̀" túmọ̀ sí?

Ilé àlejò àwọn oníjọ mọ́ tónítóní.
Ẹ̀ka máńgòrò tẹ̀ dé ojú fèrèsé,
aṣọ ibùsùn ń ta sánsán ọṣẹ àti oòrùn.
Mo ti fẹ́ẹ̀ sọ pé ó tó,
ni mo bá ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn:
Ẹ má fọ aṣọ. Ẹ má dáná. Ẹ má pariwo.
Tó bá di aago mẹ́sàn-án, a ó ti géètì.
Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe olùkọ́,
èmi gan-an ni mo máa ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.
Mi ò lè wá ìsinmi lọ sábẹ́ òfin ara mi.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí a yà sọ́nà Ìrẹsà,
sí abúlé kan tí mi ò ní í dárúkọ
kí ẹ má baà lọ kún ibẹ̀.
Eruku pupa. Ewúrẹ́ tí kò yà fún ẹnì kan.
Ìyá Fárónkẹ́ ní yàrá kan
tó ń yá àwọn tó ń wá ra kajú lásìkò ìkórè;
wọ́n ti lọ, àpò òfìfo wọn kan ṣì wà ní kọ̀rọ̀.
Kò síná. Kànga wà lẹ́yìnkùlé.
Bẹ́ẹ̀dì náà ti tẹ̀ láàárín bí ọpọ́n.

"Ta lẹ wá kí?"
"A ò wá kí ẹnì kankan, màmá."
"Ta ló kú?"
"Kò sẹ́ni tó kú."
"Àbí ilẹ̀ lẹ fẹ́ rà?"
"Rárá o."
Ó wò wá bí ẹni ń wo owó tí kò dá a lójú,
ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.
"Ẹ kàn wá bẹ́ẹ̀?"
"A kàn wá ni."
Ó wọlé, ó gbé àga kan jáde,
ó gbé e sábẹ́ igi kajú.

Oyètádé ń bèèrè ẹ̀fọn, ó ń bèèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀,
ó ń fi ìka ṣírò iye owó alẹ́ mẹ́ta.
Èmi ti jókòó.
Kajú kan, bóyá èyí tó gbẹ̀yìn lórí igi,
já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pọ̀ọ̀.
Ó yíjú, ó rí bàtà mi nílẹ̀,
ó rí ẹsẹ̀ mi nínú iyẹ̀pẹ̀,
ó ká àwọn ìka rẹ̀ kò.
Ó lọ gbé rédíò wá, kò sì rántí tàn án.

Lóru, bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ náà yí wa sí àárín,
àwa tí a ti ń sùn létí létí láti ọjọ́ pípẹ́.
Ó ní, "Lọ́la ńkọ́? Níbo la ó sùn?"
Mo gbọ́.
Mo ń dá a lóhùn bọ̀, ó di ìlú kejì.