Iye: Òdo

Ní Ìdí-Ìṣin, mo béèrè ìṣin.
Mẹkáníìkì kan fi sípánà tọ́ka sí ìdí òpó iná,
ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ní ó wà kí wọ́n tó bí mi."
Mo yọ fóònù. Sátẹ́láìtì mẹ́sàn-án rí mi lókè,
wọ́n fún mi ní nọ́ńbà méjì, ọ̀kan fún ìbú, ọ̀kan fún òòró.
Mo kọ orúkọ igi. Níwájú "Mélòó lo rí?"
mo tẹ òdo.

Òdo náà há mi lọ́rùn bí eegun ẹja.

Àwọn tó tẹ ìlú yìí dó kò ní kọ̀ǹpútà,
ẹnu ni wọ́n fi to àkójọ tiwọn:
Ìdí-Ìṣin, Ìdí-Ọsẹ̀, Ìdí-Ayùnrẹ́.
Wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ tì í,
wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n.
Awakọ̀ ń ké e, ọmọdé ń fi jíṣẹ́,
títí igi fi kú tí àdírẹ́sì sì jogún rẹ̀.

Ní Ìdí-Ọsẹ̀, obìnrin kan ní òun rí ọsẹ̀ lójú àlá.
Mi ò kọ ìyẹn. Àlá kò ní ìbú, kò ní òòró.

Ní Ìdí-Ayùnrẹ́, Bàbá Làsísì ti ń dúró dè mí,
aṣọ́gbó láti ìgbà tí bàtà ìjọba ti tóbi jù ú lẹ́sẹ̀.
Inú agolo bísíkíìtì ló kó ìwé rẹ̀ sí,
ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé, mọ́kànlélógún,
ikán ti tọ́ etí wọn wò.
"Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Òkúdu. Afàrà méjì wó.
Odídẹrẹ́ mẹ́rìnlá fò kọjá síhà ìwọ̀-oòrùn.
Ìyàwó mi bímọ. Obìnrin ni."
Mi ò mọ ibi tí ǹ bá to ti ìkẹyìn yẹn sí.
Mo kọ ọ́ sábẹ́ "Àfikún".

"Ta ló máa kà á?"
"Ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ọmọ Mọ́níyà, ará Jàpáànù,
ẹni tí wọn ò tíì bí."
Ó dákẹ́, ó pẹ́.
"Ẹnikẹ́ni," ó ní. "Òun náà ló ń dẹ àtè."

Nígbà tí a kàn ihò igi
tí odídẹrẹ́ méjì tó kù ń yé sí,
mo gé ìdí nọ́ńbà náà bí ẹni gé èékánná,
mo fi odidi igbó bo ẹ̀ka kan mọ́lẹ̀.
Kí ayé mọ̀ pé wọ́n wà. Ó tó.
Ìyókù, mo ṣí i sílẹ̀ gbayawu,
afàrà tó wó, òjò tó pẹ́ kó tó dé, àti ọmọ tuntun.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mẹkáníìkì dá mi dúró.
"Òdo tó o kọ yẹn, ṣé wọ́n á rí i ní Jàpáànù?"
"Wọ́n á rí i."
Ó nu ọwọ́ epo mọ́ ṣòkòtò.
"Fi orúkọ mi sí i, nígbà náà. Mùkáílà.
Èmi ni mo júwe ibẹ̀."

Igi: ìṣin. Iye: òdo.
Ẹlẹ́rìí: Mùkáílà.