Alágbàfọ̀ Òkè-Pópó

Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ọpọ́n onípákó kan,
búlúù tí wọ́n dì sínú àkísà,
bàbá mi Kásúmù jókòó sórí àpótí
lẹ́yìn ilé àwọn Àgùdà ní Òkè-Pópó,
ó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àwọn akọ̀wé Máríńnà,
ẹnu rẹ̀ ò dúró.

Àwọn ọmọ àdúgbò ní ọfọ̀ ló ń pè.
Wọ́n ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, báwo ni epo pupa
ṣe ń kúrò lára léèsì láìjà?

Mo bi í. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, eyín mi ò pé.
Ó ní, "Fọ̀ ni mò ń fọ̀."
Mo he ìdáhùn náà bí ìfófòó ọṣẹ,
ó bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó di ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú,
tó bá mi tí mò ń ráhùn nídìí ọpọ́n,
tó ní, "Má fọ̀ mọ́!"
Mo ju ọṣẹ nù, mo nu ọwọ́, mo sá lọ ṣeré.
Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá mi.
Lọ́dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, ẹni tó sọ̀rọ̀ ló fọ̀;
ìyá àgbà ní kí n panu mọ́ ni,
kò ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀.
Àṣé ibẹ̀ ni ọfọ̀ ti jáde:
ohun tí a fọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀.
Ẹnu ni ilé rẹ̀
kí wọ́n tó fi ìwo àti awọ ẹran dẹ́rù bà wá mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì mo sún mọ́ ọpọ́n, mo fetí sílẹ̀.

Ìpẹtà, mo mọ ilé yín.
Irin tó sùn síta ni bàbá rẹ,
ìrì tí kò kanlẹ̀kùn ni ìyá rẹ.
Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń ṣe ẹbí yín lálejò.
Ilé ti tó lọ.
Ìwọ epo, orí ọ̀pẹ lo ti sọ̀ kalẹ̀ wá;
ohun tó ti sọ̀ kalẹ̀ rí
kì í jiyàn ìsọ̀kalẹ̀.

Ó rí mi. Ó ní ọṣẹ ló ń ṣiṣẹ́,
"ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ
ohun tí ẹnìkan ò mọ orírun rẹ̀."

Níléèwé, mo fẹ́ kọ ògèdè,
mo fi àmì kún un nísàlẹ̀;
tíṣà ní ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín
ni àwọn baba wa fi ń lé ejò?
Kíláàsì wó. Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Mi ò tíì mọ ohun tí àmì kékeré lè ṣe.

Oṣù tó kọjá la sin ín sí Àbàrí.
Bùbá rẹ̀ kan ṣì wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì gbígbẹ,
ìlà òógùn lọ́rùn.
Mo mọ ilé òógùn yẹn. Mo mọ bàbá rẹ̀.
Mo pọn omi, mo gé ọṣẹ,
mo la ẹnu.

Ọfọ̀. Jẹ́ kí ohùn àkọ́kọ́ wálẹ̀ díẹ̀,
bí ẹni gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀:
ọ̀fọ̀ nìyẹn.

Mo ká bùbá náà bẹ́ẹ̀,
láìfọ̀.