Ohun Tó Mú Igi Dúró

Ẹ̀yìn sọ́míìlì tó wà lọ́nà Ìkìrun ni mo ti lọ kó o,
àpò ìrẹsì méjì, ìyẹ̀fun àfàrà
tí wọn ìbá dáná sun kó tó di ìrọ̀lẹ́.
Ọmọ tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ bi mí: "Àǹtí, adìẹ lẹ ń sìn?"
Mo ní rárá. Mo ní mo fẹ́ bọ́ igi láṣọ ni.
Ó rẹ́rìn-ín, ó di ẹnu àpò fún mi,
kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe yé mi, kì í ṣe bó ṣe wà nínú ìwé.
Igi kì í dédé dúró.
Àtè kan wà láàárín fọ́nrán àti fọ́nrán
tó dì wọ́n mú bí amọ̀ ṣe ń di ọparun mú lára ògiri.
Lígíńnì ni àwọn olùkọ́ wa pè é.
Òun ni kò jẹ́ kí ìjì ká ìrókò bí ẹní,
òun ni kò jẹ́ kí òjò rin igi dé egungun.
Alágídí ni. Omi lásán ò tú u,
ọtí lásán ò tú u.
Àwọn tó ń ṣe bébà a máa sè é nínú omi olóró,
wọn a wá da ẹ̀gbin rẹ̀ sódò.
Àwa tí à ń gbé létí Ọ̀ṣun,
ta la fẹ́ da tiwa sí lára?

Nítorí náà, ọtí àti omi, ìdajì-ìdajì,
sínú ìkòkò irin tí ara rẹ̀ nípọn ju ọrùn ọwọ́ mi lọ.
Lẹ́yìn náà, gáàsì:
gáàsì kan náà tó ń hó nínú mínírà,
èyí tí èmi àti ẹ̀yin ń mí síta báyìí.
A fún un pọ̀, a tún fún un pọ̀, a fi iná sí i nídìí,
títí tí kò fi lè jẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́,
tí kò sì gbà láti di omi.
Ó wọ ibi tí omi ò lè wọ̀,
ó ti ọtí ṣíwájú wọnú gbogbo kọ̀rọ̀ igi.

Mo ń wo géèjì, mo ń ronú:
èémí yìí náà ni igi jẹ nígbà ayé rẹ̀.
Èémí bàbá bàbá mi, èémí ewúrẹ́, èéfín ààrò,
igi gbé e mì, ó fi mọ ara rẹ̀ ró.
Ẹni tó kọ́lé ló padà wá ṣílẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Túsídeè, iná lọ nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú.
Ọláwùwo ṣépè fún ẹ̀rọ, ó ṣépè fún mọ̀nàmọ́ná,
ó sáré lọ fa jẹnẹrétọ̀; okùn rẹ̀ já.
Ohun tó jáde lọ́jọ́ náà dà bí ògì tó bàjẹ́.
A dà á nù. A fọ ìkòkò.
A ò bá ara wa sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ ni mo tú fáàfù díẹ̀díẹ̀.
Gáàsì jáde bí ẹni tó mí kanlẹ̀ lẹ́yìn ẹkún,
ó ku omi tó ṣú bí aró ìlú wa.
A bomi tútù lé e, ìyẹ̀ kan sì rọra sọ̀ sísàlẹ̀,
ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú.
Igi tó ṣẹ́kù funfun bí òwú;
mo fi ìka kàn án, ó wó.

Mo gbé ìgò kékeré kan lọ sílé bàbá mi,
Bùráímọ̀ tó fi ogójì ọdún la pákó,
tí ìyẹ̀fun igi gba ìdajì èémí lọ́wọ́ rẹ̀,
tó ń fi ọ̀pá rìn láti orí àga dé ẹnu ọ̀nà.
Ó ṣí ìgò. "Aáṣà ta nìyí?"
Mo ní, "Bàbá, ohun tó mú àfàrà dúró ni."
Ó gbóòórùn rẹ̀, ó dijú, ó pẹ́.
"Igbó ni," ó ní, "lẹ́yìn òjò,
kété tí àáké bá kọ́kọ́ wọlé."
Ó wá fọwọ́ gbá orúnkún rẹ̀ méjèèjì:
"Ṣé ẹ ò lè bá mi da díẹ̀ síbí?"

Ikọ́ mú un kí n tó rí èsì.