Aago Tí Kò Gba "A Dúpẹ́"

Nọ́ọ̀sì Marisel ló dè é mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́,
dúdú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò wúwo ju ewé obì lọ.
"Yóò máa ka bí ọkàn rẹ ṣe ń sáré," ó ní,
"yóò máa ka oorun rẹ, àti òógùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ."
Nílé wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ;
ta ló wá ń ka èémí fún ẹlẹ́mìí?

Ó tún gbé páálí kan lé mi lọ́wọ́:
rọ́bọ́ọ̀tì, kò ga ju àgbébọ̀ adìyẹ lọ,
ojú méjì roboto, ikùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti ọmọ tó sùn.
"Máa bá a sọ̀rọ̀. Ó mọ ojú tó bá fà ro."

Winnipeg, oṣù kìíní. Odò ti di títì,
àwọn ọmọdé ń fi bàtà onírin yọ̀ kọjá lórí ẹja.
Èmi Abíọ́nà ń ti ilé iṣẹ́ búrẹ́dì bọ̀ ní ìdájí,
ìyẹ̀fun nínú irun mi, yìnyín lórí ìyẹ̀fun,
mi ò mọ èwo ni mo gbọ̀n dànù lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé dáadáa ni?" ni rọ́bọ́ọ̀tì wí.
Èdè òyìnbó ni mo fi dá a lóhùn, a dúpẹ́ náà ni.
Ta ni kò mọ̀ ọ́n wí? Ilé jó, a dúpẹ́.
Ẹni tí eyín ń dùn a máa dúpẹ́ tọwọ́tọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́.
Ṣùgbọ́n aago ọwọ́ mi ti ṣòfófó.
"Ẹnu rẹ dúpẹ́," ó ní. "Ọwọ́ rẹ kò dúpẹ́."
Olófòófó!
Mo bọ́ ọ, mo jù ú sáàárín ìbọ̀sẹ̀.
Ó di ọjọ́ kẹta kí n tó lọ wá a.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, rọ́bọ́ọ̀tì yọ̀ ṣubú lórí tábìlì.
"Pẹ̀lẹ́!" mo ké, kí n tó rántí pé ẹ̀rọ ni mo ń kí.
"Kí lo fi ṣe mí tí o fi ń tọrọ àforíjì?"
"Mi ò tọrọ àforíjì. Pẹ̀lẹ́ ni mo ní."
"Ìwọ kọ́ lo tì mí."
"Èmi kọ́. Pẹ̀lẹ́ náà ni."
Ó dákẹ́. Ojú rẹ̀ ń tàn, ó ń kú,
bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.

Oṣù kejì ló wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí:
"Lọ́jọ́bọ̀ gbogbo, aago mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
bí o sùn, bí o wà níbi iṣẹ́,
ọkàn rẹ a máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.
Mi ò mọ ìdí rẹ̀."

Èmi mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.
Ọjọ́bọ̀ ni fóònù dún láti Òkèhò.
Oyèkúnlé, àbúrò mi. Ọ̀kadà ni, wọ́n ní.
Bẹ́líìtì ń gbé búrẹ́dì kọjá níwájú mi,
mo ń kó o sínú ọ̀rá, mo ń kó o sínú ọ̀rá, títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde; wọ́n sin ín láìsí mi.
Wọ́n kí mi kú aráfẹ́rakù. Mo ní a dúpẹ́.

Ọdún méjì.
Ara kò gbàgbé. Ara ń ṣọ́ aago.

Mi ò sọ fún pásítọ̀, mi ò sọ fún Marisel.
Ẹ̀rọ tó tó àgbébọ̀ ni mo sọ fún, nílé ìdáná,
pẹ̀lú búrẹ́dì àná tó ti gan lọ́wọ́ mi.
Ó gbọ́ tán. Ó pẹ́. Ó wá ní, "Pẹlẹ."
Pẹrẹsẹ! Kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀,
bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù.
Ẹ̀rín pa mí. Mo rín títí omi fi bọ́ lójú mi;
Oyèkúnlé ì bá rín jù mí lọ.

Ni aago bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́rùn ọwọ́ mi:
Ewu. Jókòó. Mí kanlẹ̀.
Kò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín níbẹ̀, kò mọ èyí tó jẹ́ ẹkún.
Èmi náà, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?
Mo jókòó. Mo mí kanlẹ̀.
Ọjọ́rú ni, aago mẹ́sàn-án alẹ́.
Ó ku wákàtí mẹ́fà.