Ìwé Iyọ̀

Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń wọn iyọ̀.
Aago mẹ́fà ààbọ̀, kí oòrùn tó la ojú ọ̀sà tán,
èmi àti Hùnsù á ti wà nínú ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì
tí wọ́n kùn ní búlúù, tí wọ́n kọ orúkọ Yunifásítì sí légbẹ̀ẹ́.
A ó gba ẹ̀yìn Ìwáyà, a ó kọjá lábẹ́ afárá gígùn,
n ó ju ìgò sísàlẹ̀, n ó fà á gòkè,
n ó kọ nọ́ńbà kan sínú ìwé.
Nọ́ńbà kan péré. Ọdún mọ́kàndínlógún.

Òjò ò dá mi dúró. Ìyanṣẹ́lódì ò dá mi dúró:
nígbà tí àwọn olùkọ́ ti kíláàsì pa fún oṣù gbọọrọ,
mo ṣì ń wọn iyọ̀,
torí ọ̀sà ò sí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan.

Ìyàwó mi a máa bi mí pé
kí ni wọ́n ń fi iyọ̀ yìí ṣe, ṣé ọbẹ̀ ni?
Mo ní: lóṣù kẹsàn-án omi a máa dùn,
odò Ògùn á gbé òjò Ẹ̀gbá wá fọ̀ ọ́ lẹ́nu;
tó bá di ọ̀gbẹlẹ̀, òkun á padà wọlé.
Ẹja mọ̀. Akàn mọ̀.
Ẹnì kan ló yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n mọ̀.

Owó dísẹ́lì ni wọ́n kọ́kọ́ gé.
Ọkọ̀ búlúù gúnlẹ̀, òṣíbàtà hù yí i ká.
Wọ́n tún gé iná:
bó bá ti lu aago mẹ́rin, yàrá ìwádìí á ṣú,
àwọn ẹja inú ìgò á jókòó sókùnkùn,
wọ́n á lanu bí ẹni fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀.

“Ẹ̀ka ti pọ̀ jù,” lọ̀gá àgbà wí ní gbọ̀ngàn,
“bí a bá gé díẹ̀ nínú ẹ̀ka, igi á lè mí.”
Gbogbo wa wòkè.
Ẹnikẹ́ni ò bi ẹyẹ.
Èmi rí ọwọ́ tó di àdá mú;
n ò rí ọwọ́ tó bu omi sí gbòǹgbò.

Méjìlélógún ni wá. A ku mẹ́sàn-án.
Dókítà Rẹ̀mílẹ́kún Ṣáàṣore ni wọ́n ní kó pín ìwé.
Ó pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí,
ó kàn ń fi àtàǹpàkò ra etí àpò ìwé náà ni.
“Wọ́n ní kí n bá yín dúpẹ́,” ló wí,
ohùn rẹ̀ sì já sọ́nà.
Ẹni tí wọ́n sọ ní Rẹ̀mílẹ́kún,
èmi ni mo wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: ó tó, Dókítà, ó tó,
bí ẹni pé èmi ni mo yọ òun níṣẹ́.

Mo dá ohun tí wọ́n bèèrè padà:
kọ́kọ́rọ́ méjì, káàdì ìdánimọ̀, jákẹ́ẹ̀tì omi kan.
Wọn ò bèèrè ìwé iyọ̀.
Mo fi í sínú àpò, mo gbé e lọlé.

Hùnsù ní kí n bá òun ka tòun.
Mo ní, “Wọ́n ní ẹ ṣé.”
Ó rò ó títí. “Ṣé kí n wá lọ́jọ́bọ̀?”
Mo ní rárá.

Ó wá.
Ọkọ̀ àjẹ̀ bàbá rẹ̀ ló fi wá láti Mákòkò,
òórùn ẹja gbígbẹ lára rẹ̀, omi ń jò sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn iyọ̀ wà lẹ́yìn agádágodo tuntun.
Nígbà tá a débi tá a máa ń dé,
mo ti ìka bọ omi, mo tọ́ ọ wò.
Hùnsù rẹ́rìn-ín: “Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

Mo ṣí ìwé lórí orúnkún.
Mo kọ ọjọ́. Mo kọ aago.
Níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà,
mo kọ ọ́ pé: òkun ti ń padà bọ̀.
Ọwọ́ mi tutù, lẹ́tà náà wọ́,
ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.